Àpótí Tó Gbọ́dọ̀ Gbọ́n Ju Ọmọ Mi Lọ

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìkòsí, ní Kétu, l'Ékòó, ìbọn ṣakabùlà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ti Bàbá Ọdẹ ni, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gbé ìbọn náà ti ògiri ní kọ̀rọ̀ yẹn, á fi àkísà bò ó lẹ́nu, á wá lọ sùn. Àwa ọmọdé ilé yẹn pọ̀ bí eṣú, a sì ń sáré kọjá níwájú ìbọn yìí láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó fọwọ́ kàn án rí.

Mo máa ń rò pé ẹ̀rù Bàbá Ọdẹ ló ń bà wá. Ìgbà tí mo kúrò nílé ni mo tó mọ̀ pé ojú tó ń wò wá ló pọ̀. Ẹni tó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé ń wò ọ́. Ẹni tó ń gẹ irun níta ń wò ọ́. Ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà ò tilẹ̀ ní gbójú sókè kó tó pe orúkọ rẹ. Bí ọmọ kan bá súnmọ́ kọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn èèyàn á ké mọ́ ọn láti ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá tó bí i sì lè ti lọ sọ́jà láti ìdájí.

Texas ni mo wà báyìí, èmi, ọkọ mi, àti Mofẹ́, ọmọkùnrin wa tó ń lọ sí ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tí a kó dé fúláàtì wa, mo se móínmóín, mo gbé méjì sínú abọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa kí n lè kí i. Obìnrin náà ò yọ ṣéènì ilẹ̀kùn. Ó fi ojú kan wò mí láti àárín, ó bi mí pé ṣé nǹkan ṣẹlẹ̀ ni. Mo ní rárá, mo kàn wá kí yín ni. Ó dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbé móínmóín mi padà wálé, mo sì fi ìbínú jẹ méjèèjì.

Ìbínú yẹn ti tán nínú mi. Mo ti wá mọ̀ pé obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo pe màmá mi ní Ìkòsí, mo sunkún. Màmá ní kí n nu ojú mi, pé ẹni tó bá kúrò nílé bàbá ẹ̀ kò ní retí kí wọ́n máa kí i bíi ti ilé bàbá ẹ̀. Ó ní kí n máa kí ara mi ná.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo rí ṣe. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ òun, ó ti já ènìyàn jẹ rí. Nígbà tí wọ́n rán mi sí i, mo kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe ń ṣe, mo kí i pé ẹ káàárọ̀ Mummy, mo bi í bó ṣe sùn. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n gbé òun dìde. Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ló ń gbà kó wẹ òun. Ọ̀gá wa bi mí ohun tí mo ṣe. Mo ní mo kàn kí i ni.

Bí a bá fọwọ́ kan ẹnì kan níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kí a tó kan ẹlòmíràn, ọṣẹ tí wọ́n sì ń lò le débi pé ó ń bó awọ lára èèyàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ Màmá. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá pè é lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, òun á ti jókòó sí kọ́rídọ̀ wọn pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ á sì máa dún lẹ́yìn rẹ̀. Àlùbọ́sà ni Màmá ń tà ní Mile 12 láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ibí ni a bí Mofẹ́ sí, kò tíì rí i lójúkorojú rí, ṣùgbọ́n "Màmá Kétu" ló ń pè é, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn tó o.

Ohun tí Màmá kọ́kọ́ kọ́ ọ ni nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa, pàápàá ọmọ oníṣòwò. Mile 12 kì í ṣe ibi tí ọmọ ti ń ṣeré. Mo ti sọnù níbẹ̀ rí, nígbà tí mo kéré. Mo tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé màlúù lórí, nígbà tí màá fi bojú wẹ̀yìn, àwọn obìnrin tí mo mọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin Hausa kan tó ń já àlùbọ́sà gbé mi kọ́ èjìká, ó bi mí orúkọ ìyá mi. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ìlà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, mo mọ àwọ̀ agboòrùn rẹ̀. Ó ń ké orúkọ Màmá lọ láàárín ọjà, ọjà sì ń bá a gbé e, títí Màmá fi dá a lóhùn. Ó lù mí díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ra gúgúrú fún mi.

Nítorí náà nígbà tí Mofẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Màmá fi nọ́ńbà rẹ̀ kọrin fún un. Ó gé e sí mẹ́ta, ó ń rọra sọ ti àkọ́kọ́, ó ń gbé ti àárín sókè, nígbà tó bá dé mẹ́rin tó kẹ́yìn, á máa pàtẹ́wọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo bi í pé ta ni yóò rí ọmọ tó sọnù ní Texas tí yóò pe Ìkòsí. Ó ní bí ọmọ òun bá sọnù níbikíbi láyé, òun ni kí wọ́n pè. Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ọkọ mi, ọmọ Mende ní Èkó ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Èkó, ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí i lára. Nígbà tí a dé ibí, ilé ìkẹ́rùsí ló ti rí iṣẹ́. Ó ń gbé páálí títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀. Nígbà tó ṣe, ó lọ kọ́ iṣẹ́ sìkiọ́rítì, èyí tí wọ́n ń gbé ìbọn ṣe. Ó jókòó sí kíláàsì, ó yìnbọn fún wọn wò, ó gba ìwé àṣẹ. Ó wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí mò ń dín dòdò pé ilé iṣẹ́ náà ti gba òun, ṣùgbọ́n pé olúkúlùkù ló ń ra ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀, bó bá sì parí iṣẹ́, yóò gbé e lọ sílé.

Mo pa iná ìdáná.

Ó ní, "Mummy Mofẹ́, ẹ̀yìn mi ò lè gbé páálí mọ́. O rí mi náà. Iṣẹ́ yìí máa fún wa ní insurance. Ìbọn yẹn, tools iṣẹ́ ni."

Èmi àti ọkọ mi, "ìwọ" la ń pe ara wa láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ẹ̀yin", ó mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo ní, "Daddy Mofẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ gba iṣẹ́ yín, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìbọn yín ò ní wọ ilé yìí títí màá fi rí ibi tó máa sùn."

Ó ní orí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ga tó. Mo rán an létí pé ọmọ rẹ̀ ti to àga lé àga nínú kíṣìnì, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu mílíìkì tí mo tọ́jú sókè pátápátá. Ó ní kí a fi kọ́kọ́rọ́ há a. Mo ní ìyá mi ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ibo ni èmi fẹ́ so tèmi mọ́ nínú ṣòkòtò iṣẹ́? Ó ti rí i pé n kò ní gbà, ló bá mú Ìkòsí wọ̀ ọ́.

Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ìbọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín. Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ará ilé yẹn lẹ bá wa kó wá sí Texas?"

Ó fa àwo dòdò rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Mo ti rò ó títí lẹ́yìn ìgbà náà. Èmi tí mo sá kúrò ní ilé elérò púpọ̀, tí mo máa ń bínú pé a kì í lè jẹ ẹran níkọ̀kọ̀ kí gbogbo ilé má mọ̀, èmi náà ni mo wá ń wá ohun tí màá fi rọ́pò ojú wọn. Kò sí ìyá ẹlẹ́wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Bí ọmọ mi bá súnmọ́ kọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ohùn tèmi nìkan ló lè ké mọ́ ọn, èmi sì lè wà ní balùwẹ̀. Àfi kí n ra ojú yẹn ní ọjà. Irin ni wọ́n fi ń ṣe é níbí, sééfù ni wọ́n ń pè é.

Ọkọ mi ní ohun tí òun fẹ́. Wọ́n ti fọ́ ọkọ̀ méjì nínú ọgbà wa, ó sì ní bí ẹnì kan bá já wọlé bá wa, òun ò ní lè máa bẹ àpótí kó tó ṣí. Mo rí òótọ́ nínú ìyẹn. A wá fẹnu kò pé àpótí tí a máa rà, àgbà gbọ́dọ̀ lè ṣí i kíákíá nínú òkùnkùn, ọmọdé ò sì gbọ́dọ̀ lè ṣí i rárá. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ń bá ara wọn jà. Bó bá yá àgbà lọ́wọ́ jù, ó lè yá ọmọdé lọ́wọ́. Bó bá le fún ọmọdé jù, àgbà á dúró síwájú rẹ̀ máa làágùn.

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Ìbọn kún ara ògiri wọn láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni pàtẹ ìkòkò. Mo ti wé gèlè mi dáadáa kí n tó kúrò nílé, n kò sì jẹ́ kí ẹ̀rù mi hàn. Bàbá òyìnbó kan tó ní irùngbọ̀n funfun ló dá wa lóhùn. Ọkọ mi ló kọjú sí. Mo ní kó má bínú, pé èmi ni mo wá ra nǹkan.

Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tó fẹ́lẹ́ tó sì rẹwà jáde. Mo gbé e, ó fúyẹ́ jù. Mo bi í bóyá mo lè lù ú. Ó rò pé mò ń ṣeré, ó ní kí n lù ú. Mo fi ìkúùkù gbá a lórí bí mo ṣe ń gbá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Màmá nígbà tí ó bá há. Ìdérí rẹ̀ fò sókè fúnra rẹ̀. Bàbá náà wò mí, ó wo àpótí, ó sì gbé e padà síbi tó ti mú un.

Ó wá mú èyí tí ń ṣí fún ìka jáde. Ó ní kò sí èyí tó yá tó o, pé ẹ ò nílò láti rántí nǹkan kan, ẹ kàn máa tẹ̀ka ni. Ó tọ́jú ìka ọkọ mi sínú rẹ̀, ó sì ṣí fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn mí. Mo tẹ̀ka, iná pupa ló tàn. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ, mo tún tẹ̀, pupa. A fi àtàǹpàkò dán an wò, a fi ọwọ́ òsì dán an wò. Bàbá náà fi sùúrù bi mí irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó mi orí, ó ní ọṣẹ ni, ó ti fọ ìlà ọwọ́ mi lọ.

Inú mi bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dúró níbẹ̀, mò ń wo ìka mi. Ọwọ́ yìí ti ṣa àlùbọ́sà, ó ti fọ aṣọ, ó ti kọ ìdánwò WAEC, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ọkọ mi sún mọ́ mi, ó ní kò burú, pé òun á máa ṣí i. Ìgbà yẹn ni ara mi tún le. Mo ní àpótí tó bá wà nínú yàrá mi tí n kò lè ṣí, kì í ṣe tèmi. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí kò sí nílé ńkọ́? Mo ní kí bàbá náà gbé òmíràn wá.

Ẹ̀kẹta ni a rà. Irin rẹ̀ nípọn, ó wúwo, nọ́ńbà wà lójú rẹ̀ tí ẹ ó tẹ̀, àwọn nọ́ńbà náà sì ń tan iná fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ lè fi ìṣó ńlá kàn án mọ́ ògiri kí olè má baà gbé e lọ tòun tìbọn. Bí bátìrì bá kú, kọ́kọ́rọ́ kan wà fún ìgbà yẹn. Mo lù ú, kò mira. Mo mì ín, kò dún. Mo dijú, mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dán an wò, ó ṣí. Mo ṣe é títí bàbá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ibo ni mí. Mo ní ọmọ ọjà ni mí. Mo ná an pẹ̀lú, kò já nǹkan kan lé e, ṣùgbọ́n ó fi bátìrì ṣe èènì.

Ìbọn ọkọ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti san owó rẹ̀, wọ́n gbà láti bá a tọ́jú rẹ̀ títí èmi yóò fi fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ bàbá onírùngbọ̀n nínú gan-an.

Onílé gbà wá láyè, ọkọ mi sì kan àpótí mọ́ ògiri inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn mi, lábẹ́ aṣọ, bí Màmá ṣe ń so tirẹ̀ mọ́ etí ìró. Ó wá ku nọ́ńbà tí a máa fi tì í. A ní kì í ṣe ọjọ́ ìbí, gbogbo ayé ló ń lo ìyẹn. Kì í ṣe nọ́ńbà ilé. Ọkọ mi wá pàtẹ́wọ́ lójijì. Ó ní kí a lo mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà Màmá.

Ó ní, "Olè Amẹ́ríkà wo ló fẹ́ mọ nọ́ńbà ìyá alálùbọ́sà ní Mile 12? Àwa náà ò sì lè gbàgbé ẹ̀ láé."

Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ó dà bíi pé Màmá gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó jókòó, ó ń ṣọ́ ilé. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi wọ bàtà rẹ̀, ó fẹ́ lọ gbé ìbọn. Mo ní kó jókòó. Mo ní a ò tíì dán an wò pẹ̀lú ẹni tí a rà á fún. Mo mú bískíìtì ṣokoléètì tí Mofẹ́ lè torí rẹ̀ ta gbogbo wa, mo pè é wá, mo jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i bí mo ṣe kó o sínú àpótí. Mo tì í. Mo sọ fún un pé bó bá lè ṣí i, tirẹ̀ ni. Ọkọ mi ní èyí le jù. Mo ní ìyà bískíìtì ò pa ọmọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni Mofẹ́ fi bá àpótí jà. Ó fà á, ó gbá a, ó fi ìdí ṣíbí wá ẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún un pé "please, jọ̀ọ́". Ó tẹ nọ́ńbà bó ṣe wá sí i lọ́wọ́, àpótí sì ń dún pé rárá. Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, pé ṣé Ìyá Ìdánwò ti gbà báyìí. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ń béèrè ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní bí Ọjọ́ Ìsinmi bá ti kọjá, kó lọ gbé e.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a pe Màmá. Ó béèrè lọ́wọ́ Mofẹ́ bóyá ó ṣì mọ orin rẹ̀. Ó kọ ọ́, wọ́n jọ pàtẹ́wọ́ sí ti ìparí, Màmá súre fún un. Mo bọ́ sí kíṣìnì pẹ̀lú fóònù, èmi àti Màmá ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ́n àlùbọ́sà. Ọkọ mi wà ní pálọ̀ tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Mò ń gbọ́ Mofẹ́ nínú yàrá tó ń kọrin náà fún ara rẹ̀. Ó kọ ti àkọ́kọ́, ó gbé ti àárín sókè. Nígbà tó dé mẹ́rin tó kẹ́yìn, kò pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn nọ́ńbà àpótí dípò àtẹ́wọ́, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, ó bá orin mu rẹ́gí.

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí ìdérí rẹ̀ ṣí.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé yàrá. Ọkọ mi ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mofẹ́ jókòó sílẹ̀, ṣokoléètì ti dé etí rẹ̀, ó gbé bískíìtì kan sókè, ó ní, "Daddy, Màmá Kétu ló bá mi ṣí i."

Ọkọ mi tẹ́jú mọ́ inú àpótí náà. Mo mọ ohun tó ń rí níbẹ̀, nítorí èmi náà ń rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì fa ọmọ náà mọ́ra. Nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, Màmá ń pè pé kí ló dé, kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ dá mi lóhùn. Mo ní kò sí nǹkan kan, Màmá. Mo sì bú sẹ́kún, nítorí pé òótọ́ ni, kò sí nǹkan kan.

Nígbà tó yá, ọkọ mi gbójú sókè wò mí. "Ẹ ṣé," ló sọ. Òun ló ń pè mí ní "ẹ" lọ́jọ́ náà.

A yí nọ́ńbà náà padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tí à ń lò báyìí, kò jẹ mọ́ ọjọ́ kankan, kò jẹ mọ́ ilé kankan, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́ lórin. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára. Gbogbo ohun tí mo mú dání wá síbí ló ní ìtàn nínú, láti orí gèlè mi dé orí ọ̀nà tí mo gbà ń kí arúgbó. Mo ti rí i pé ohun kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wà nínú ilé mi tí kò ní bá ẹnikẹ́ni tan.

A tún fi bískíìtì dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mìíràn, ọkọ mi ló sì ń kó o síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún ilé iṣẹ́ bẹ̀ fún àkókò díẹ̀ sí i. Mo pe Mofẹ́ jókòó, mo sọ ọ̀rọ̀ ìbọn fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: pé bó bá rí i níbikíbi, nílé wa tàbí nílé ọ̀rẹ́, kó má fọwọ́ kàn án, kó kúrò níbẹ̀, kó wá pe àgbàlagbà. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi padà, ó sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni ìbọn náà wọlé, ojú ọ̀nà ni ọkọ mi sì ti ń pè mí kí n wá wò ó bí òun ṣe ń tì í mọ́ inú àpótí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún Màmá, ó gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, pé ṣé kí òun má kọrin yẹn pẹ̀lú ọmọ náà mọ́.

Mo ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, Màmá. Ẹ máa kọ ọ́ lọ. Àpótí la yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, a ò yí tiyín."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún kọ ọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, Màmá súre, a pa fóònù. Mofẹ́ sá wọ yàrá. Mo dúró ní kọ́rídọ̀, mò ń tẹ́tí. Ó tẹ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àpótí ní rárá. Ó tún wọn tẹ̀, rárá. Ó jáde wá bá mi, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ó ní, "Mummy, Màmá Kétu ò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo ní òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà tí a fi ń pe Nàìjíríà sórí fóònù, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo ní kó tẹ gbogbo orin náà tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń kọ ọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún díẹ̀, Màmá sì gbé e ní Ìkòsí, ó ní, "Ta ló ń wá mi?"